Wọ́n Ń Bú U, Wọ́n Sì Ń Rà Á

Láti ìgbà tí mo ti ń tún alùpùpù ṣe ní Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mo ti rí i títí ó fi dá mi lójú pé ẹni tó ń bú alùpùpù rẹ̀ jù lọ ni yóò tún ra irú rẹ̀ nígbà tí owó bá dé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú alùpùpù kan sílẹ̀ kì í pariwo. Yóò dákẹ́ ni, yóò fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, yóò wá ẹni tí kò mọ inú rẹ̀ tà á fún. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i lórí òmíràn. Àmọ́ àwọn tó ń wá fẹjọ́ irin wọn sùn mí láràárọ̀, tí wọ́n ń ní kílọ́ọ̀ṣì ti tún jó, tí wọ́n ń ní ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ti tún ń dún ṣàgàṣàgà, àwọn yẹn kò lọ síbì kan. Bí èyí bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́, òun náà ni wọn yóò tún rà, àwọ̀ ara táńkì nìkan ni wọn yóò yí padà.

Àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí máa ń pè é ní àìmọ̀kan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti Kutọnu wá: ẹ ń ráhùn lórí nǹkan kan náà lọ́dọọdún, ẹ sì tún ń náwó sí i lọ́dọọdún. Mi ò gbà pé àìmọ̀kan ni. Ẹni tó ń fi alùpùpù jẹun mọ ìṣirò owó rẹ̀ ju ẹni tó ń bá a wí lọ. Ohun mìíràn ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà, n ó sì sọ ọ́ tí mo bá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí irin wọ̀nyí ń rìn lórí rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa, láti Sakété títí dé Pobè, láti Pobè títí dé Kétu, ó sì tún gòkè lọ sí Idigny àti Adakplamè. Ọ̀dà wà lójú títì ńlá, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti yà sínú abúlé, ilẹ̀ pupa náà ló kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ a bo ewé, a bo aṣọ, a bo ojú. Tí òjò bá dé, amọ̀ rẹ̀ a máa yọ̀ débi pé ọkùnrin méjì ló ń ti alùpùpù kan jáde nínú kòtò. Orí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni zémidjan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ti ń gbé ìyá àti ọmọ méjì pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì, tàbí àpò àgbàdo méjì tí wọ́n dì mọ́ ẹ̀yìn, tàbí kẹ́ẹ̀gì epo tó ti ọ̀nà Ìlárá wọlé láti Nàìjíríà. Bí ẹni tó ya àwòrán alùpùpù náà ní Íńdíà tàbí ní Ṣáínà bá rí ohun tí a ń dì lé e lórí níbí, yóò kígbe.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti tirẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, òógùn ń dà lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Irin yìí fẹ́ pa mí."

"Kí ló ṣe?"

"Kò lágbára mọ́. Tí mo bá ti gbé èèyàn méjì, kò lè gun òkè. Ìgbà wo la ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ríìngì rẹ̀!"

Mo yọ pílọ́ọ̀gì, mo fi hàn án. Ó dúdú kirikiri, epo sì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣí ilé fílítà, mo gbọn fílítà náà sórí ìwé ìròyìn kan, eruku pupa sì dà sílẹ̀ gàràgàrà. Mo wá tú kábúrétọ̀, mo yọ ife tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo sì dà á sínú ọpọ́n funfun tí mo máa ń lò fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Epo ló kọ́kọ́ jáde, omi tẹ̀ lé e, ó tò sísàlẹ̀ epo lọ́tọ̀, ẹrẹ̀ pupa díẹ̀ sì jókòó sábẹ́ omi náà. Mo ní kó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn kẹrosíìnì ni.

"Ṣé o rí ohun tí o fún un mu?"

Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá epo lẹ́bi. Irin yìí náà kò dáa."

"Nígbà tí o bá san owó èyí tán, èwo lo máa rà?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Èyí náà ni o! Ta ló máa bá mi tún òmíràn ṣe ní Ìlárá?"

Ìdáhùn rẹ̀ yẹn tó odidi ìwé. N ó padà sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ epo náà kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ẹni tó mọ apá ibí yìí ló mọ kpayo, epo tó ń ti Nàìjíríà wọlé nínú kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Òun ló ń gbé wa rìn, n kò sì ní bú àwọn ìyá tó ń tà á, nítorí òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbà kó tó dé inú táńkì pọ̀. Ẹnì kan lè bu kẹrosíìnì lé e kó lè pọ̀ sí i. Kẹ́ẹ̀gì lè ṣí sílẹ̀ nínú òjò. Epo tí kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀ kì í jó tán nínú síléńdà. Yóò fi èéfín dúdú bo pílọ́ọ̀gì, yóò ṣan ọ́ìlì kúrò lára ògiri síléńdà, písítìn àti ríìngì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn gbẹ. Ní ti eruku, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé tí fílítà bá ti dí, tí irin kò fà mọ́, wọn a yọ fílítà náà jù nù. Irin á sì fà lóòótọ́! Inú ẹni tó gùn ún á dùn fún ìgbà díẹ̀, eruku Kétu á sì máa wọlé tààrà, á máa lọ ríìngì bí ẹni fi òkúta lọ ata. Ọ́ìlì tó yẹ kí wọ́n dà nù kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n máa ń bù kún un. Ayédèrú páàtì tún wá ń bẹ nínú ọjà, tí wọ́n tẹ orúkọ ojúlówó sára páálí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ alùpùpù rẹ̀, mo mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ti epo, ti eruku, ti ẹrù àti ti ayédèrú. Ìyókù jẹ́ ti ẹni tó ṣe é: wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tí kò lè ru ohun tí wọ́n mọ̀ pé Áfíríkà máa dì lé e, ìdè tó ń tú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan mọ́ àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí. Nínú ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, kò sí ẹ̀rọ tó lè ya ẹ̀bi epo sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára ẹ̀bi irin, kò sì dára kí èèyàn fi orúkọ ẹlòmíràn jẹ́jọ́ láìní ẹ̀rí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin Ìlárá. "Ta ló máa bá mi tún un ṣe?" Ẹni tó ń gbé ní Kutọnu lè ra irú alùpùpù tó bá wù ú, nítorí ibẹ̀ ni èbúté wà, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ńlá wà. Ṣùgbọ́n tí kílọ́ọ̀ṣì bá jó ní abúlé kan lẹ́yìn Adakplamè ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: ṣé a lè rí òmíràn rà kí ilẹ̀ tó ṣú? Páàtì irú alùpùpù tó pọ̀ jù máa ń wà lórí tábìlì ìyá tó ń ta ṣúgà àti ọṣẹ. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀: kébù bíréèkì méjì, pílọ́ọ̀gì mẹ́ta, àpótí kílọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ tòmátì alágolo. Ọjọ́ iṣẹ́ kan tó bá ṣòfò, oúnjẹ ọjọ́ kan ni. Irin tó ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù, tí wọ́n ń tún ṣe láàárín wákàtí kan, sàn fún un ju irin tó ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tí yóò sì fi ọ̀sẹ̀ méjì dúró de páàtì.

Ọ̀rọ̀ tún wà lórí ẹni tó ni owó. Ọ̀pọ̀ zémidjan kò gun ohun tiwọn. Ọ̀gá kan ló ra alùpùpù, ó gbé e fún wọn, wọ́n ń jíṣẹ́ owó fún un lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí tí iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí yóò fi pé tí irin yóò sì di tiwọn. Ọ̀gá yìí ló ń yan irú èyí tí yóò rà. Ohun tó ń rò ni pé bí ọmọ náà bá sá, tàbí tó dá iṣẹ́ dúró, ṣé òun lè ta irin yìí kíákíá láìpàdánù? Irú tí gbogbo ayé mọ̀ ló ń yá tà. Èyí tó dára jù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri títí táyà rẹ̀ yóò fi là. Ẹni tó ń gùn ún ní ẹ̀dùn, ẹni tó ní owó ní ìpinnu, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ẹnì kan náà. Bí àwọn ará ìta bá ń wí pé "wọ́n tún lọ ra òun náà," kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé ta ni wọ́n.

Àwa mẹkáníìkì pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ náà ju bí a ti ń sọ lọ. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Yóò tú u, yóò dì í, yóò tú u, títí yóò fi lè fi ọwọ́ mọ ìdè rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìwò ó. Nígbà tó bá gba fírídọ̀mù tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Kpankou tàbí Odométa, irinṣẹ́ tó lágbára láti rà ni èyí tó bá ẹ́ńjìnnì yẹn mu. Oníbàárà á wá bi í pé, "Ọ̀gá, èwo ni kí n rà?" Kí lẹ rò pé yóò sọ? Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni yóò sọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Láti ìran dé ìran àwọn ọmọ iṣẹ́, orúkọ kan á di òdodo, kò sì ní sí ẹni tó rántí ìgbà tí wọ́n fi wé òmíràn.

Orúkọ náà sì ti yí padà lójú wa, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń di orúkọ mú kò yí padà. Àwọn bàbá wa gun Mobylette àti Peugeot tó ti Faransé wá, lẹ́yìn náà ni Yamaha ará Jàpáànì gbòde. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Bẹ̀nẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1980, tí àwọn báǹkì wó, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń lo oṣù lórí oṣù láìrí owó, ọ̀pọ̀ ló bọ́ sórí alùpùpù láti máa gbé èrò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ zémidjan ti gbèrú. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé fráǹkì sẹ́fà sí ìdajì. Owó gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní Yamaha kò ronú àtira òmíràn mọ́, títún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe ló kù, àwọn mẹkáníìkì àgbà sì di oníṣègùn.

Àlàfo yẹn ni àwọn ará Ṣáínà bá wọlé. Jincheng, ilé-iṣẹ́ kan ní Nanjing, ń ṣe AX100, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ ti Suzuki. Owó rẹ̀ kéré, gbogbo ènìyàn ló sì ń bú u nígbà náà pé kò tó ti Jàpáànì. Ṣùgbọ́n wọ́n rà á, nítorí páàtì Suzuki tí a ti ní nílẹ̀ wọ inú rẹ̀, ọwọ́ tó ti mọ Suzuki sì mọ̀ ọ́n. Orúkọ ara táńkì yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kì í ṣe àlejò. Haojue ará Jiangmen náà bá Suzuki ṣiṣẹ́ pọ̀ kó tó di ohun tí a ń rí kiri níbí. Boxer tí ilé-iṣẹ́ Bajaj ń ṣe ní Íńdíà, pẹ̀lú Kawasaki ni wọ́n jọ gbé e jáde ní 1997. Nílé níbẹ̀, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nígbà tó yá, Áfíríkà ló sọ orúkọ náà di ńlá. Kò sí pé ọ́ìlì ń jó pọ̀ mọ́ epo rẹ̀ bíi ti àwọn AX100 tó ń rú èéfín, kì í sì í jẹ epo púpọ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé a kò fò láti orúkọ kan sí òmíràn rí. Láti páàtì dé páàtì, láti ọwọ́ dé ọwọ́, ni a ti ń sún.

Ìgbà kan wà tí ìdè tó so wá mọ́ irin wọ̀nyí mì díẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, ẹni tó ń ra páàtì ní Ìmẹ̀kọ tàbí Abẹ́òkúta kò rí ọ̀nà gbà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kpayo náà gbówó lórí. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, iye kpayo sì fò sókè lọ́dọ̀ wa láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí zémidjan máa bi mí nípa epo tí irin ń jẹ kó tó bi mí nípa páàtì. Tí ohun kan bá máa já ìdè yìí, owó epo ni. Kutọnu ti ń rí alùpùpù oníná láti 2022, ti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní M Auto nígbà náà, tó ti di Spiro báyìí, tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ní ibùdó dípò kí wọ́n máa dúró kó gba iná. Mo ti yẹ ọ̀kan wò: kò ní kábúrétọ̀, kò ní kílọ́ọ̀ṣì, kò ní ríìngì. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ kò sí nínú rẹ̀, n kò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọkùnrin Ìlárá ń dúró dè é: ibo ni n ó ti pààrọ̀ bátìrì, ta sì ni yóò bá mi tún un ṣe?

Àwọn kan á ní nítorí òṣì ni gbogbo èyí, pé ọlọ́rọ̀ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní 2015, ìwé ìròyìn Consumer Reports tó ń yẹ ọjà wò fún àwọn oníbàárà béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ní alùpùpù, tí wọ́n ju 10,000 lọ, bí irin wọn ti ń ṣe sí. Nínú Harley-Davidson, nǹkan bí 26 nínú 100 ló ní ìbàjẹ́ tó lágbára láàárín ọdún mẹ́rin. Ti Yamaha jẹ́ 11 péré. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi àwọn ènìyàn bóyá wọn yóò tún ra irú èyí tí wọ́n ní, 72 nínú 100 àwọn oní-Harley ló ní àwọn yóò rà á láìṣiyèméjì. Owó alùpùpù kan lára wọn tó ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ tiwa. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òyìnbó náà mọ òwe yìí, bí kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

Ìtàn Harley yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó ń dùn mí wà. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ AMF ra Harley ní 1969, iṣẹ́ sì bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọ́ìlì ń jò, irin ń gbọ̀n, àwọn ará Jàpáànì sì ń gba ọjà. Ní 1981, àwọn ọ̀gá mẹ́tàlá nínú ilé-iṣẹ́ náà kó owó jọ, wọ́n rà á padà. Àwọn oníbàárà tó ń bú Harley kò tí ì lọ tán. Sùúrù wọn ló ra àkókò fún ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀gá náà sì fi àkókò yẹn ṣiṣẹ́: wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oní-Harley sílẹ̀ ní 1983, wọ́n ń bá wọn rìn, wọ́n ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n pè ní Evolution jáde ní 1984, tí jíjò ọ́ìlì rẹ̀ dín kù gan-an. Ẹni tó bú irin rẹ̀ rí ẹni tó gbọ́.

Ní Kétu níbí, a mọ èébú tó ń ṣiṣẹ́. Ará ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wá, àwọn agbẹ́gilére wa sì ti gbẹ́ alùpùpù pẹ̀lú ẹni tó gùn ún sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, wọn yóò fi orin sọ ọ̀rọ̀ sí ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ láwùjọ, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ olóyè. Wọn kì í lé e kúrò nílùú. Ara ìlú ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni náà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, ojú ń tì í, ó di dandan kó ṣàtúnṣe tàbí kó máa fara da orin náà títí ọdún mìíràn. Èébú tí a ń bú alùpùpù wa kò ní olùgbọ́. Orí bẹ́ǹṣì mi ló ti ń bẹ̀rẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń parí. Oníbàárà sọ fún mi, mo mi orí, mo pààrọ̀ páàtì, ó sanwó, ó lọ. Ẹni tó ta páàtì kò gbọ́. Ẹni tó kó alùpùpù wọlé ní èbúté Kutọnu kò gbọ́. Báwo ni ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ lókè òkun yóò ti ṣe gbọ́? Iye tó ń tà nìkan ló ń rí, iye náà sì ń sọ fún un pé inú wa dùn.

Èyí ni mo ní í sọ. Ìfẹ́ tí a ní sí irin wọ̀nyí bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n a ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. A ń ra àkókò fún àwọn tó ṣe é, a kò sì béèrè ohun tí wọ́n ń fi àkókò náà ṣe. Mo ti di òǹtajà fún wọn láìgbowó, nítorí gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí mo kọ́ ló ń bá wọn polówó.

Àwa mẹkáníìkì ló yẹ kó kọ́kọ́ yí ọwọ́ padà. A ní ẹgbẹ́, àwọn zémidjan náà ní ẹgbẹ́, a ń pàdé, a ń dáwó òkú, a ń dáwó ìgbéyàwó. Kí ló dé tí a kò lè ní ìwé kan níbẹ̀, tí a ó máa kọ ọ́ sí pé páàtì báyìí bàjẹ́, ó lo oṣù mélòó, ọ̀dọ̀ ta la ti rà á, irú epo wo ni irin ń mu? Tí mẹkáníìkì ogún láti Pobè dé Idigny bá kọ ohun kan náà sílẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀kì kan náà, ìyẹn ti kọjá ẹ̀dùn, ó ti di ẹ̀rí. Aṣojú ilé-iṣẹ́ tó wà ní Kutọnu kò lè fi ọwọ́ rọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn bó ti ń fi ọwọ́ rọ́ ẹjọ́ ẹnì kan. Ẹ̀rí yẹn náà ni yóò sì jẹ́ kí a mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi kpayo, kí a má máa fi ẹ̀ṣẹ̀ epo jẹ ilé-iṣẹ́ níyà.

Ẹni tó bá sì mú irú alùpùpù tuntun wá fún wa láti tà, ìbáà jẹ́ elépo, ìbáà jẹ́ oníná, kí a má kọ̀ ọ́ nítorí pé a kò mọ̀ ọ́n. Kí a sọ fún un pé kó kọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì ní Kétu bí wọ́n ti ń tú u, kó sì kó páàtì dé abúlé kó tó kó alùpùpù dé. Bí Jincheng ti rọ́nà gbà lọ́wọ́ Suzuki nìyẹn. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ bá wa gbé. Ẹni tó bá kọ̀, kó máa ta tirẹ̀ ní Kutọnu.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gùn ún, mo bẹ̀ yín: ẹ má yọ fílítà nù mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sẹ́ epo kí wọ́n tó dà á sí táńkì, ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù pátápátá kí ẹ tó bu tuntun. Ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ra irin náà, ẹ má fi di ẹ̀pà. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ ṣáájú àsìkò tó yẹ, ẹ má bú u fún mi nìkan. Ẹ mú páàtì tó bàjẹ́ náà dání, ẹ mú páálí rẹ̀ dání pẹ̀lú ìwé yẹn, kí ẹ lọ gbé e síwájú ẹni tó tà á fún yín. N ó tẹ̀ lé yín lọ.